Aago Inú Àpótí Bàbá

Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tò sórí pákó lábẹ́ bíríjì Oṣòdì, tí wọ́n ń pè ní Rolex, tí owó rẹ̀ kò sì ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí Bàbá ni mo ń sọ. Ìsìnkú parí, àlejò túká, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n bá a níbi tí wọ́n ti fi ìbọ̀sẹ̀ wé e. Aago náà ti kú, kò rìn mọ́.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣàjèjì sí wa. Ẹnì kan á ní Rolex gidi ni, Bàbá rà á ní London lọ́dún tí a gbòmìnira. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, Bàbá tí kò fẹ́ ra bàtà tuntun. Ọmọ kékeré inú ilé á ti yà á ní fọ́tò sórí WhatsApp, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹnì kan ní Houston á ti dá iye lé e. Nígbà tí àwọn yẹn sì ń jiyàn, ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá á ti gbé aago lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago pé kó bá àwọn fọ̀ ọ́, kó pọ́líìṣì rẹ̀, kó tún ojú rẹ̀ kùn, kó lè dán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ìyẹn. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má pọ́líìṣì rẹ̀, ẹ má sì máa yí kókó rẹ̀ láti wò ó bóyá yóò jí. Òróró inú aago tí kò ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún ti gan, irin á kàn máa ha irin ni. Ní ti pọ́líìṣì, ohun tó ń bó kúrò kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan. Ó ń bó etí aago tó mú ṣáṣá, ó ń bó òǹtẹ̀ góòlù, ó ń bó nọ́ńbà. Ojú tí wọ́n bá sì tún kùn kò lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀nà tí mo gbà ń wo aago àtijọ́ nìyí: ẹjọ́ ni, ó sì ní ẹlẹ́rìí púpọ̀. Ojú aago jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ẹlẹ́rìí, ara rẹ̀, ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣéènì rẹ̀. Ìtàn tí ìdílé ń sọ náà jẹ́ ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Bí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn bá bára mu, ojúlówó lẹ ní lọ́wọ́, ẹ sì mọ ọdún rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń sọ 1958 tí èkejì ń sọ 1975, ẹnì kan ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárín.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Ìkòyí nìkan ni mo ń sọ. Pápákọ̀ òfurufú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Oṣòdì níbí kí ó tó di pé wọ́n ṣí ilé ńlá tó ń jẹ́ Murtala Muhammed ní 1979. Nigeria Airways, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958 tó sì kógbá sílé ní 2003, ní àwọn òṣìṣẹ́ tí London kò jìnnà sí lójú wọn, àdúgbò bí Àjàó Estate kò sì jìnnà síbi iṣẹ́ wọn. Ìsọlọ̀ kún fún ilé iṣẹ́ aṣọ nígbà kan, ọ̀kan nínú wọn ló sọ ọjà Aswani lórúkọ. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń fi aago ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ nígbà tó bá lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n á fín orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù, sì jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ra ohun tí ojú wọn ti ń wò nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú aago tẹ́ ẹ bá nílé akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń yẹ ìtàn ìdílé wò kò gba owó. Gbogbo irú aago ló ní ọdún tó jáde. Datejust ti Rolex jáde ní 1945, Submariner ní 1953, Day-Date ní 1956. Seamaster ti Omega jáde ní 1948, Constellation ní 1952, Speedmaster ní 1957. DiaStar ti Rado, tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn nítorí pé nǹkan kì í tètè ha á, 1962 ni. Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé Bàbá àgbà ra Constellation nígbà tó ti ogun Bọ́mà dé ní 1946, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bàbá lè ti ogun dé lóòótọ́, aago ni kì í ṣe ti ìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ọ̀kan. Ẹ gbà pé Omega Constellation ni, góòlù lójú, tí wọ́n fi àwòrán ilé ìwo-ìràwọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́jọ lókè ilé náà. Oníṣẹ́ aago á há awò rẹ̀ sójú, á fi irin rẹ̀ kọ́ ihò etí ìdérí, á yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ dúró tì í. Ẹ má fi aago sílẹ̀ pé ẹ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan nínú aago yìí lè wúlò fún aago oníbàárà mìíràn, ẹ̀yin kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ya ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò. Bí wọ́n bá sì ṣí i, ẹ ya inú rẹ̀.

Bí ìdérí bá kúrò, ẹ́ńjìnnì Omega ìgbà náà máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ bàbà. Ẹ ó rí orúkọ Omega lára rẹ̀ àti nọ́ńbà méjì. Èyí tó kúrú ni irú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó gùn ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, òun ló sì ń sọ ọdún. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 20 mílíọ̀nù jẹ́ ti nǹkan bí 1962 sí 1963. 25 mílíọ̀nù, nǹkan bí 1967. 30 mílíọ̀nù, nǹkan bí 1969 tàbí 1970. Nínú ìdérí fúnra rẹ̀, wọ́n tún tẹ nọ́ńbà irú ara aago síbẹ̀. Nísinsìnyí ẹ pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ. Bí àpẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì 561 ni wọ́n ṣe fún Constellation tó ní ọjọ́ inú oṣù. 551 ni ti èyí tí kò ní ọjọ́. Bí ẹ bá rí 561 nínú aago tí ojú rẹ̀ kò ní fèrèsé ọjọ́ rárá, ojú yẹn tàbí ẹ́ńjìnnì yẹn, ọ̀kan ti ibòmíràn wá. Omega ni méjèèjì o. Ojúlówó ni méjèèjì. Àpapọ̀ wọn ni kì í ṣe òótọ́.

Rolex ní tirẹ̀ kì í fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà Rolex àtijọ́ wà láàárín etí aago, ibi tí ṣéènì ti wọlé, nítorí náà àfi kí wọ́n yọ ṣéènì. Níhà 12 ni nọ́ńbà irú aago wà, níhà 6 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀: nọ́ńbà ojúlówó jẹ́ ìlà tó jin tó mọ́, tí iná máa ń sáré lórí rẹ̀. Ti ayédèrú máa ń rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ bíi pé kẹ́míkà ló jẹ ẹ́. Òógùn Èkó sì lè ti jẹ díẹ̀ nínú ti ojúlówó pẹ̀lú, pàápàá bí ṣéènì bá ti ń ha ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ẹ má kánjú sọ pé fèèkì ni.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú Rolex láti 1953 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nínú ìdérí ẹ̀yìn, níbi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè rí láéláé, wọ́n máa ń tẹ àmì kékeré kan: I, II, III tàbí IV, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì. Bí ẹ bá rí II 66, ìdá kejì nínú mẹ́rin ọdún 1966 ni wọ́n ṣe ìdérí yẹn. Ó yẹ kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà láàárín etí aago sún mọ́ ọdún yẹn. Ilé iṣẹ́ Rolex kì í fún ènìyàn níwèé pé ọdún báyìí la ṣe aago yín. Patek Philippe, ilé iṣẹ́ aago mìíràn, máa ń yọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún onítọ̀hún bó bá sanwó. Tábìlì ọdún Rolex tí gbogbo ayé ń lò, àwọn olùkójọ aago ló ṣe é, ó sì lè fi ọdún kan tàbí méjì ṣìnà. Èyí ló jẹ́ kí òǹtẹ̀ inú ìdérí níyì. Lẹ́yìn 2010, nọ́ńbà ìdánimọ̀ Rolex kò tẹ̀ léra mọ́, kò sì sí ọdún tí ẹ lè kà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá kò ra tiẹ̀ ní 2010.

Ẹ ó gbọ́ ọ lójú títì pé bí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá bá ń fò, tó ń dún tá, tá, tá, ayédèrú ni, pé ti ojúlówó máa ń yọ́ lọ ni. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Seiko gbé aago oníbátìrì tó ń jẹ́ Astron jáde ní Tokyo ní ọjọ́ Kérésìmesì 1969, ayé aago sì yí padà. Rolex pàápàá ṣe oníbátìrì tirẹ̀, Oysterquartz, láti 1977 títí di ìgbà tí ọdún 2000 ti kọjá. Ó ń fò, ojúlówó sì ni. Bulova Accutron ti 1960 kì í fò, kì í dún tíkì-tíkì. Ẹ gbé e sétí, kíkùn ló ń kùn. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù nítorí ìyẹn ti sọ ohun rere nù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìsàlẹ̀ ojú aago, lábẹ́ 6 gan-an, níbi tí lẹ́tà ti tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni ìjà "Bàbá rà á ní 1960" ti máa ń parí. Ọ̀dà tó ń mú ojú aago tàn lókùnkùn ní ọdún yẹn, radium ló wà nínú rẹ̀, ojú aago kàn máa ń kọ SWISS tàbí SWISS MADE. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fi tritium rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà T sí i: T SWISS T, tàbí SWISS T<25. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1990. Aago tó bá kọ T SWISS T, ojú rẹ̀ kì í ṣe ti 1960. Ó lè jẹ́ pé Bàbá rà á lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí ọdún òmìnira kàn dùn lẹ́nu. Ó sì lè jẹ́ pé ó gbé e fún àtúnṣe ní 1970, tí wọ́n pààrọ̀ ojú rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni yóò là wọ́n.

Ẹ ṣe èyí lálẹ́ òní, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé aago sábẹ́ iná fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa iná. Agbára tritium máa ń dín kù sí ìdajì láàárín ọdún méjìlá ó lé díẹ̀. Aago tó ti wà láti 1970 ti rí ìdajì yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò yẹ kó tàn mọ́ nínú òkùnkùn, tàbí kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó rẹ̀ tó ń kú lọ kíá. Bí ó bá ń tàn gidigidi fún wákàtí mélòó kan, ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún. Ti radium náà kì í tàn mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó má léwu: ohun tó ń tàn nínú ọ̀dà náà ló ti jó tán, radium fúnra rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún. Wíwọ aago náà lọ́wọ́ yàtọ̀. Ṣíṣí gíláàsì rẹ̀ kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà, kí ẹ fẹ́ eruku rẹ̀ símú, èyí ni kí ẹ yàgò fún.

Ní ti góòlù. Àwọn tó ń ra góòlù á gbé aago yín sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sọ iye góòlù inú rẹ̀, wọ́n á fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n sì yọ́ èyí tó kù. Ẹ má tà á fún wọn kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́. Iye góòlù kì í ṣe iye aago. Kí ẹ sì tó gbà pé góòlù ni, ẹ wo òǹtẹ̀. Góòlù káráàtì 18 ti Switzerland máa ń ní 18K tàbí 0.750, àti orí obìnrin kékeré kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Helvetia. Ti káráàtì 14 jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́. Láti 1995, orí ajá Saint Bernard ni wọ́n fi rọ́pò gbogbo wọn, nítorí náà orí ajá kò ní nǹkan ṣe lára aago tí wọ́n ní ó ti wà láti 1965. Bí ẹ bá sì rí PLAQUE OR àti 20 MICRONS, èèpo góòlù lásán ni. FOND ACIER INOXYDABLE ń sọ fún yín ní èdè Faransé pé irin ni ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti rí ibi tí ìyẹn ti da ìpàdé ẹbí rú.

Ohun kan wà tí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Oòrùn àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń yí ojú aago dúdú padà, á di àwọ̀ ṣokoléètì. Ọmọ á rí i, á ní ó ti bàjẹ́, á ní kí wọ́n tún un kùn ní dúdú kó lè dà bíi tuntun. Àwọn olùkójọ nílẹ̀ òkèèrè sì ń san owó gọbọi lórí ojú tó pọ́n bẹ́ẹ̀, bí ó bá pọ́n dọ́gba.

Ní November 2021 ní Geneva, ilé ìtajà Phillips fi Omega Speedmaster kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀ ṣe gbàǹjo. Owó rẹ̀ lé ní 3 mílíọ̀nù Swiss franc. Omega fúnra rẹ̀ ló rà á, fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tirẹ̀. Ní 2023, Omega jáde wá sọ pé àkópọ̀ ni aago náà: ẹ̀yà Omega ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti yọ wọ́n, wọ́n sì ní àwọn òṣìṣẹ́ àwọn tẹ́lẹ̀ kan lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe aago náà, ta ni èmi àti ẹ̀yin? Ìdí nìyí tí mi ò fi gba orúkọ tó wà lójú aago gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Orúkọ ló rọrùn jù láti fi sí i.

Ẹ̀rí tó sì lágbára jù, ó ṣeé ṣe kó má sí lára aago rárá. Ẹ padà sínú àpótí. Ẹ wá rìsíìtì, páálí aago, ìwé ìdánilójú. Rìsíìtì tó bá kọ owó ní pọ́ùn àti ṣílè, tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ní Nàìjíríà, ti ṣáájú 1 January 1973 ni, nítorí ọjọ́ yẹn ni náírà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo páásípọ́ọ̀tù àtijọ́: òǹtẹ̀ London ti 1968 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí inú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ II 68, ìyẹn ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ kó fọ́tò jáde. Àwọn bàbá wa kì í ya fọ́tò ní sítúdíò láì gbé ọwọ́ òsì síbi tí aago yóò ti hàn! Ẹ fi awò wo ọrùn ọwọ́ wọn, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn fọ́tò bóyá òǹtẹ̀ sítúdíò àti ọdún wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn aago, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Rolex Daytona tí ìyàwó òṣèré Amẹ́ríkà nì, Paul Newman, rà fún un, ó fín in sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wa ọkọ̀. Ní October 2017, wọ́n tà á ní New York ní owó tó lé ní 17 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀rọ̀ yẹn àti fọ́tò tó fi hàn pé Newman wọ̀ ọ́ ló sọ ọ́ di aago kan ṣoṣo láyé. Ẹ kàn rántí pé ọdún tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn jẹ́ ọdún tí wọ́n fi tọrẹ. Aago lè ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó di ìgbà yẹn.

Ta ló wá ni aago Bàbá? Ní 2015, ilé gbàǹjo Christie's fẹ́ ta aago Patek Philippe tó jẹ́ ti Haile Selassie, olú-ọba Ethiopia, ní Geneva. Ọ̀rọ̀ ìdílé dìde lórí ẹni tó ni ín, wọ́n fà á sẹ́yìn. 2017 ni wọ́n tó rí i tà, ní owó tó lé ní 2.8 mílíọ̀nù Swiss franc. Nílé wa níbí, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London ní 1962, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí bàbá bá kú láì kọ ìwé ìhágún, ìdí-igi, ìyẹn ìpín fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ni a ń lò láti pín ogún rẹ̀ lábẹ́ òfin àṣà Yorùbá, àfi bí olórí ẹbí bá rí i pé orí-ò-jorí, ìyẹn ìpín fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ló yẹ. Ìyàwó mẹ́rin, ìdí igi mẹ́rin, aago ọwọ́ kan. Kò ṣeé gé. Nítorí náà, kí iye rẹ̀ tó hàn ni kí ẹbí ti jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa ṣe é bí wọ́n bá tà á, kí gbogbo ìdí igi fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí aago bá ti di mílíọ̀nù, ẹnikẹ́ni kò ní rántí ohun tí wọ́n jọ sọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kó máa rìn, tí ẹ gbé e lọ síbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ tún kọ ọ́ sí ìwé pé wọn kò gbọ́dọ̀ pọ́líìṣì rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ojú àti ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yà yòówù tí wọ́n bá sì pààrọ̀, kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé aago yín.

Àkókò wa ti ń lọ, ṣùgbọ́n olùgbọ́ kan láti Ìlásamàjà béèrè pé Seiko 5 ni Bàbá òun fi sílẹ̀, kì í ṣe Rolex, ṣé ó ṣeé mọ ọdún rẹ̀. Ó rọrùn ju ti Rolex lọ, kò tiẹ̀ ní kí ẹ ṣí i. Ẹ yí i dojúbolẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà ní ẹ̀yìn: òǹkà àkọ́kọ́ ni òǹkà tó gbẹ̀yìn ọdún, èkejì ni oṣù, láti 1 dé 9, kí O tó jẹ́ October, N November, D December. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7N, November ni, ọdún tó parí sí 7. Ẹ̀wádún tó bọ́ sí ló kù tí ẹ fẹ́ mọ̀, nọ́ńbà irú ẹ́ńjìnnì tó wà ní ẹ̀yìn náà ni yóò sọ ọ́. Seiko 5 jáde ní 1963, nítorí náà kò lè jẹ́ 1957. Bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ 7S26, 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ẹ́ńjìnnì yẹn, 1997 ni kí ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí. Bí ó bá jẹ́ 6119, ó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ; ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì fi fọ́tò ojú rẹ̀ sí i.